Ajá Tí Wọ́n So Mọ́lẹ̀

Kí Alfred tó ti Kútọnu dé, ọ̀rọ̀ ajá kì í dé ìpàdé ní àdúgbò wọn ní Ayétòrò. Ajá ń sùn níwájú ilé, ajá ń jẹ àjẹkù ẹ̀bà, ajá ń bímọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ta ló ń ro ti ajá? Àfi ìgbà tí Alfred já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí ẹranko dúdú kan, olórí bí ìkòkò, bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ní rọtíwálà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Sésà ni Alfred sọ ọ́, Faransé ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ní "así," ajá á fìdí lélẹ̀. Bó bá ní "kuṣé," á nà gbalaja. Àwọn ọlọ́kadà oríta sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ajá gbọ́ Faransé, àwọn tí àwọn ń lọ sí ààlà lójoojúmọ́ ò gbọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò pa lẹ́rìn-ín ni Rẹ̀mílẹ́kún. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, òpin oṣù ló ń wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìdùnnúolúwa, ọmọ ọdún méje, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ìyá ọkọ ti ń wo ikùn ìyàwó bí ẹni ń wo ojú òjò. Bí Ìdùnnú bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, iwájú géètì Alfred ló ń gbà. Bí Sésà bá ti gbó báyìí, àyà ìyá rẹ̀ á já. Ẹnì kan tún wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, irú ajá bẹ́ẹ̀ kan tó kọ lu ọmọdé ní ìlú tí kò mọ̀. Ó wò ó tán, ó tún un wò. Láti ọjọ́ náà, bó bá dijú, ọmọ tirẹ̀ ló ń rí lẹ́nu Sésà.

Kẹ́ ẹ má rò pé obìnrin náà kórìíra ajá o. Òun náà ní ajá. Ajá pupa kékeré kan ni, ajá ilẹ̀ wa yìí, Ẹ̀sọ̀layé lorúkọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí a ti ń sọ ajá lórúkọ: ọ̀rọ̀ tí a ò lè sọ lójú ẹni tó ni ín, a ó gbé e fún ajá, a ó sì máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ kí onítọ̀hún lè máa gbọ́. Ìyá ọkọ ni Rẹ̀mílẹ́kún ń bá wí. Ẹ̀sọ̀layé kò wọ ṣéènì rí, kò mọ ojú abẹ́rẹ́, ibi tó bá wù ú ló ń sùn. Ìdùnnú a sì máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí bó bá ń ka ìwé lọ́ọ̀dẹ̀.

Ní ìpàdé àwọn onílé, Rẹ̀mílẹ́kún ló dìde. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni wà níwájú kíláàsì. Ó ní irú àwọn ajá kan wà tó jẹ́ pé ìkà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn, kí ẹgbẹ́ ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ sí ní àdúgbò mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alfred náà dìde, ó ní òun ti mọ ògiri yí ilé òun ká, òun so ajá òun mọ́lẹ̀, dókítà ẹranko sì ń wá gún un lábẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún òun.

Alága wọn ni Bàbá Ògúnníyì, àgbà ọdẹ tó ti fi ajá dẹ igbó títí dé ẹ̀bá ààlà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, n ò tíì rí ajá tí ò ní eyín. Ńlá yẹn, bó bá gé èèyàn jẹ, á ṣe é léṣe, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ajá ni kẹ́ ẹ máa bi, ẹ má bi irú tí ajá jẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣòfin, ẹ ṣe é kárí. Kí gbogbo ajá gbabẹ́rẹ́, kí gbogbo wọn wà lórí ìso. Tiyín náà wà ńbẹ̀."

"Bàbá, àti Ẹ̀sọ̀layé wa náà?" ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ Bàbá sì bá ẹ̀rín náà lọ. Wọ́n fún Alfred di òpin oṣù kó wá ibi kan mú Sésà lọ.

Oṣù kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Rẹ̀mílẹ́kún ń sá láfún sórí tapólì lẹ́yìn ilé, Ìdùnnú wà níwájú ilé tó ń ṣeré. Ó gbọ́ igbe. Kó tó nàró, ọmọ ti sáré yọ sí i, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ojúgun rẹ̀, ojú eyín hàn níbẹ̀ gbangba.

"Ajá! Màmi, ajá gé mi jẹ!"

Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ọmọ wí. Ajá ló wí, kò pe orúkọ ajá kankan. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ti ní orúkọ kan lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti wo fídíò. Ó káwọ́ lérí, ó kígbe dé oríta: "Ajá Alfred ti pa mí lọ́mọ o! Ẹ gbà mí o!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó jókòó ní oríta kò bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n fò sókè, ẹlẹ́gi mú igi, ẹlẹ́rọ́ọ̀dù mú rọ́ọ̀dù, wọ́n kọrí sí géètì Alfred.

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọmọ wọ ilé ìdáná, ó ń da epo pupa sójú egbò náà bí ìyá tirẹ̀ ti máa ń ṣe. Ìdùnnú ń sunkún.

"Màmi, Ẹ̀sọ̀layé ni."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀sọ̀layé ló gé mi jẹ. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì í ni. N ò lù ú, Màmi. N ò ṣe nǹkan kan fún un."

Ariwo ti ń ta níta. Wọ́n ń fi òkò lu géètì. Ilé méjì péré ló wà láàárín. Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá jáde, tó bá pariwo bó ti pa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbọ́. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Òun tó dìde ní ìpàdé, òun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, kí ni yóò sọ fún wọn? Pé ajá tòun ni? Bó ti dúró síbẹ̀, èrò mìíràn wá bá a, èrò tó jọ ọgbọ́n: bí kì í bá ṣe tòní, tọ̀la ni. Sésà yóò gé ẹnì kan jẹ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá pa á lónìí, wọ́n ti gba ọmọ ẹlòmíràn là nìyẹn. Ọkàn ọmọ èèyàn mà le o! Bó bá fẹ́ ṣebi, á kọ́kọ́ wá aṣọ funfun wọ̀ fún un.

Ó tilẹ̀kùn. Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. O ò rí i dáadáa ni."

Géètì já. Ó gbọ́ igbe ajá náà, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà wá jábọ̀ fún un. Wọ́n ní Alfred ò sí nílé, ajá wà lórí ṣéènì. Wọ́n ní ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ní "así!" Ajá náà jókòó. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n lójú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ráyè fọ́ ọ lórí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Rẹ̀mílẹ́kún fún wọn lómi mu, ó sì kí wọn kú iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè jẹun.

Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, bó ti fẹ́ múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí Ẹ̀sọ̀layé lábẹ́ igi máńgòrò. Ajá náà kò wá bí ó ti pè é. Itọ́ ń ṣe yọ̀ọ́yọ̀ọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ́lẹ̀, ó ń gé afẹ́fẹ́ jẹ. Bàbá Ògúnníyì tó ń bọ̀ láti oko rí i láti ojú títì.

"Dìgbòlugi!" ni Bàbá wí. "Tíṣà, wọlé! Wọlé, mo ní!" Ó sọ ìbọn kalẹ̀ ní èjìká, ó yin ín. Ẹ̀sọ̀layé ṣubú, kò mira. Bàbá dúró tì í títí, ó wá mi orí. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Tíṣà, ta ni ajá yìí gé jẹ?"

"Kò sẹ́ni kankan, Bàbá."

"O jàjà bọ́ nìyẹn. Ẹni tí dìgbòlugi bá gé jẹ, tí ò bá tètè gbabẹ́rẹ́, bí àrùn yẹn bá fi lè dé orí ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò sí oògùn ẹ̀, ti òyìnbó ni, tiwa ni. Mo ti bá wọn sin irú wọn rí. Omi gan-an, wọn ò lè wò ó."

Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún ti gbé ọmọ sẹ́yìn. Pẹ̀lú ìró tó fi sùn ló gun ọ̀kadà.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Rodiat ló bá ní ilé ìwòsàn. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ egbò náà, ó fọ̀ ọ́ títí epo pupa fi tán lára rẹ̀.

"Ajá ta ni, Màmá? Ṣé ó gbabẹ́rẹ́?"

Kí Rẹ̀mílẹ́kún tó la ẹnu, ẹnì kan wọlé. Alfred ni. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Màmá Ìdùnnú, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́n ní ẹ sáré gbé ọmọ jáde, ni mo ṣe tẹ̀lé yín. Ẹ má bẹ̀rù. Sésà ń gbabẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, dókítà ẹranko ló ń gún un fún mi, kò tíì pẹ́ tó gba tọdún yìí. Kò sí àrùn lára ẹ̀ tó lè ran ọmọ yìí. Kí n tó dé ni wọ́n ti pa á, n ò mọ bó ṣe jáde dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo rò pé mo so ó dáadáa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì Rodiat mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni o. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó kù nínú fíríìjì wa ò pọ̀, ẹni tí ajá tí a ò mọ̀dí ẹ̀ bá gé jẹ la ń tọ́jú ẹ̀ fún. Bó bá jẹ́ ajá tó gbabẹ́rẹ́ ni, màá kàn gún un ní ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé."

Bí Rẹ̀mílẹ́kún bá dákẹ́, ó parí. Ẹ̀sọ̀layé ti kú, Sésà ti kú, ajá kì í jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé, yóò sì máa ka ojú rẹ̀ láràárọ̀ títí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò rí omi tí yóò sì sá. Bó bá sì sọ ọ́, ojú wo ni yóò fi wo àdúgbò? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú ta ni ó yá? Ti ọmọ ọdún méje?

"Kì í ṣe ajá rẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní kì í ṣe ajá Alfred. Tèmi ni. Ajá tèmi ló gé e jẹ. Kò gbabẹ́rẹ́ rí láyé ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni Bàbá Ògúnníyì yìnbọn fún un, dìgbòlugi ni."

Nọ́ọ̀sì Rodiat kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó ti dé ìdí fíríìjì. "Ẹ dì í mú fún mi, kó má mira!" Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ti fi etí ìró bo ojú. Alfred ló kúnlẹ̀, tó gbá ọmọ mọ́ra, tó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ló bi í. Kò gbé ojú sókè.

Irọ́ kan wà níbẹ̀ tó rọrùn. Ó lè ní àárọ̀ yìí ni òun mọ̀, Alfred ì bá sì gbà á gbọ́.

"Kí wọ́n tó já géètì rẹ," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ọmọ ti sọ fún mi. Mo ń gbọ́ wọn níta. N ò jáde."

Alfred kò bú u. Ì bá tiẹ̀ bú u. Ó di ọwọ́ Ìdùnnú mú títí nọ́ọ̀sì fi gún un tán, níbi egbò àti ní apá, ó bá a nu omijé ojú, ó ní "pẹ̀lẹ́, ìyá mi." Ó wá fa ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jáde.

Ìdùnnú ń wo ẹnu ọ̀nà tó gbà lọ.

"Màmi, ṣé Bọ̀ọ̀dá Alfred ń bínú sí wa ni?"

"Èmi ló ń bínú sí. Kì í ṣe ìwọ."

"Ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?"

Rẹ̀mílẹ́kún ṣí ẹnu láti dá a lóhùn. Ìgbà náà ló rí i pé Alfred ti bẹ òun, òun kò sì tíì bẹ Alfred.