Ohùn Màmá Àsíátù

"Ta ló yọ Màmá Àsíátù kúrò lórí wásáàpù wa?" Wàsílátù ò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù tán tó fi béèrè.

Ṣàkírátù ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Èmi ni."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi!"

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n kankan. Ó ti rẹ̀ mí, Wàsílátù. Ó ti sú mi!"

Ta ni kò ní sú? Ọdún kejì rèé tí aránṣọ yìí ti dá ẹgbẹ́ Omi Àdúgbò Wa sílẹ̀ lórí fóònù, nítorí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí wọ́n ní lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí n'Ìlá. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà wọlé. Kọ́lájọ, tó ń gbé Èkó, ló ṣòfin pé kò sáàyè fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ mọ́, gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ènìyàn máa kọ, kí àwọn oníròyìn lè kà á. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tó ń ru omi, bíi Màmá Àsíátù, ò mọ gẹ̀ẹ́sì kọ. Ni gbogbo ohùn bá di ẹrù Ṣàkírátù: yóò gbọ́, yóò túmọ̀, yóò kọ. Kó tó jẹun, fóònù. Kó tó kírun tán, fóònù. Aṣọ oníbàárà ń kó jọ. Kò sì sẹ́ni tó kí i pé ó kú iṣẹ́.

"Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà ni Màmá fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ lánàá," ó ní. "Wọ́n kí ará Èkó, wọ́n kí ará Ìbàdàn, wọ́n kí ìyàwó Kọ́lájọ, wọ́n kí oyún inú ẹ̀! Kọ́lájọ ní kí n yọ wọ́n, mo sì yọ wọ́n."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ parí?"

Wàsílátù fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó sún ohùn náà dé ìparí.

"...Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn kan gbé ọkọ̀ wá lónìí, wọ́n láwọn fẹ́ tú ẹ̀rọ omi wa lọ tún ṣe. Ẹ̀rọ tí kò bà jẹ́! Mo ní kí wọ́n fi ìwé hàn mí, wọn ò ní. Wọ́n láwọn ń padà bọ̀ lọ́la lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá."

Wọ́n ti kírun Àìlà tipẹ́.

Ọ̀kadà ni wọ́n gùn débẹ̀. Ẹnu páìpù nìkan ló ṣẹ́kù. Wàsílátù ya fọ́tò rẹ̀, ó fi sórí wásáàpù. Màmá Àsíátù jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo.

"Mo pariwo títí," Màmá ní. "Mo ṣáà ń wojú ọ̀nà. Mo rò pé ẹ ti gbọ́."

Ṣàkírátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò gbọ́ ọ parí."

"Dìde. Awakọ̀ tó gbé wọn wá, mo kí i, mo bi í pé ọmọ ta ni. Ọmọ ìlú Ọ̀rà ni. Mo mọ ìyá ẹ̀, mo mọ ilé wọn."

Fóònù Ṣàkírátù dún. Kọ́lájọ ni. "Mo ti rí fọ́tò náà! Tètè kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kí n..."

"Mi ò ní kọ ọ́, bọ̀dá Kọ́lájọ. Màmá Àsíátù ló mojú awakọ̀, àwọn ló máa sọ ọ́, bó ṣe wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá mọ gẹ̀ẹ́sì nínú yín, kó gbọ́ ọ parí, kó túmọ̀ ẹ̀."

Ó dá Màmá padà sínú ẹgbẹ́, ó sọ ìyá náà àti Wàsílátù di alákòóso ẹgbẹ́.

"Ẹ máa sọ ọ́, Màmá."

Màmá fa fóònù yọ ní ìdí ìró, ó gbé e sẹ́nu. Ṣàkírátù pa tirẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó ń gbọ́.