Músù Dìde Lórí Àga Bàbá

Ṣadé, ó rẹ̀ mí bí ẹni tí kò sùn rárá. Ológbò wa méjèèjì ni mo rí lójú àlá mọ́jú. Dúdú, tó máa ń jí ẹja nínú ọbẹ̀, ń dá gbogbo ẹ̀ padà, ó ń tò ó síwájú mi, ó ṣì ń gbóná. Músù, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga bàbá wa látìgbà tí wọ́n ti kú, wá dìde, ó ní, "Jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́." Mo jókòó. Àga náà lọ́wọ́ọ́wọ́, bíi pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Má bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀ o.

Bí mo ṣe jí, pálọ̀ ni mo lọ. Músù wà lórí àga. Mo ní, "Dìde, jọ̀ọ́." Ó wò mí, ó pa ojú dé. Ilẹ̀ ni mo bá jókòó sí.