Àwọn Tó Wá Dúpẹ́

Orin ni Ọmọ́níyì kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ agégẹdú náà, èrò Ìgbẹ́mọ ti kún ibẹ̀ dé títì: àwọn ọkùnrin ru iṣu, àwọn obìnrin gbé àkùkọ lọ́wọ́, àwọn Àládùúrà wọ aṣọ funfun, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà sì tò tẹ̀lé wọn. Òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni. Adó ló ń gbé, tó ń kọ ìròyìn Èkìtì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ agbégẹdú ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó yìí wó afárá odò Ìgbẹ́mọ. Láti ìgbà náà, inú omi làwọn èèyàn ń là kọjá, odò sì gbé ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Akínyẹlé lọ tòun ti oyún inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní kò kan àwọn. Ọmọ́níyì kọ ọ́, àwọn oníwèé ìròyìn ò tẹ̀ ẹ́. Ó tún un kọ, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ló bá kọ irọ́: pé ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, yóò sì tún afárá kọ́ kí òjò tó dé. Ìyẹn ni wọ́n tẹ̀, lójú ewé àkọ́kọ́.

Èrò rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ yóò sẹ́, ìtìjú yóò sì bá wọn; ìyẹn ló wá gbọ́. Kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni lè wá dúpẹ́. Irọ́ a máa tanná, kì í so; kí ni yóò wá sọ fáwọn ẹni ẹlẹ́ni yìí?

Ọ̀gá òyìnbó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ajẹ́lẹ̀, tóun náà ti ka ìròyìn, dúró tì í.

Orin dákẹ́. Akínyẹlé bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Ẹ ṣeun," ó ní, "tẹ́ ẹ gbà pé ẹ̀bi yín ni."

Gbogbo èrò náà sì wólẹ̀ tẹ̀lé e, bí oko ìrẹsì tí atẹ́gùn fẹ́ lù.

Olúwọlé ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọ̀gá la ẹnu láti sẹ́. Ajẹ́lẹ̀ ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń kí i kú iṣẹ́. Ọ̀gá bá yíjú sí ògbufọ̀, ó sọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ niṣẹ́ afárá máa bẹ̀rẹ̀," ni Olúwọlé kéde.

Ariwo ayọ̀ sọ. Ọmọ́níyì wá Akínyẹlé lọ sábẹ́ igi kan, níbi tó ti ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo kọ."

"A mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Àwọn tí kò wá kí mi kú ọ̀fọ̀, ṣé àwọn ló máa tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn? Nígbà tí wọ́n kà á fún wa, a rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó purọ́ yìí ti ṣe tirẹ̀, ó ku tiwa. Ó ní ká lọ wa iṣu."

Ọmọ́níyì bojú wẹ̀yìn. Arúgbó, ọmọdé, Àgùdà, Àládùúrà: wọ́n ń kó iṣu kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dìde. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò sì sẹ́ni kan nínú wọn tó rẹ́rìn-ín.