Nẹ́ẹ̀tì Ẹnu Páìpù

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bọ́sẹ̀dé fi fọ aṣọ ìgúnwà àwọn akọrin ìjọ wọn ní Sabon Gari. Ogójì aṣọ ni, aláwọ̀ elésè àlùkò, tí kọ́là funfun tó ṣeé yọ wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ wọ́n, ẹ̀yìnkùlé ilé tí bàbá ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, fi sílẹ̀ fún wọn ló sì ń sá wọn sí. Bí àwọn akọrin bá ń tò wọlé ní ọjọ́ Ìsinmi, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kọ́là ló máa ń wò.

Nítorí náà, nígbà tí Akínladé, ọ̀gá akọrin, dìde ní ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ní òjò oṣù kẹjọ kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ bọ̀rọ̀, àti pé Ṣìkẹ́mi ni yóò fọ aṣọ ìgúnwà fún àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Bọ́sẹ̀dé bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ nìkan ló mọ bó ṣe rí. Kí ni Ṣìkẹ́mi ní tí òun kò ní? Ọdún tó kọjá ló dé láti Kàdúná. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan ló ní, àti ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dúráyà, bí ẹni pé orúkọ ènìyàn ni.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi ránṣẹ́ pe Olúmúyìwá, ọkọ Bọ́sẹ̀dé, ẹni tí ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Họ́ọ̀sì ẹ̀yìn dúráyà ti bẹ́. Họ́ọ̀sì yìí ló ń gbé ooru àti ọ̀rinrin aṣọ gba inú ògiri jáde síta. Bí ó bá ti ya, inú ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ ń tú sí, aṣọ kò sì ní gbẹ.

"Mò ń bá yín lọ," ni Bọ́sẹ̀dé wí.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé ẹ kò fẹ́ kí n bá yín gbé àpótí irinṣẹ́ ni, Bàbá Tiwa?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, ìgbà wo lo gbé àpótí irinṣẹ́ rí?"

"Ìgbà wo ni obìnrin tó ní dúráyà pè yín rí?"

Olúmúyìwá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí ó rò pé torí òun ni ìyàwó òun ṣe ń jowú.

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Tiwa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá." Olúmúyìwá fa ẹ̀rọ kúrò lára ògiri, ó yọ họ́ọ̀sì ọlọ́ràá tó ti ya, ó fi onípáànù tí ó rà ní Ọjà Sabon Gari rọ́pò rẹ̀, ó sì fi kílíìpù dè é pinpin ní orí méjèèjì. Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́wọ́ sókè ni Ṣìkẹ́mi ń sọ pé, "Ọlọ́run ló rán yín sí mi." Nígbà tí etí Bọ́sẹ̀dé kò gbà á mọ́, ó bọ́ síta, sí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé.

Níbẹ̀ ló ti rí ẹnu páìpù lára ògiri. Wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn so ó pa.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé sí Kánò, kò sí ihò tí wọn kì í dí: àkísà ní abẹ́ ilẹ̀kùn, bébà ní ojú fèrèsé, kí eruku má baà wọlé. Inú ọyẹ́ ni Ṣìkẹ́mi ra ẹ̀rọ yìí, ó sì dí ihò rẹ̀ bó ṣe dí àwọn yòókù. Ọyẹ́ ti lọ, nẹ́ẹ̀tì kò lọ. Òwú wẹ́wẹ́ ara aṣọ ti kún un, ó ti ki bí ìrọ̀rí tó rin. Bọ́sẹ̀dé na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ń kùn nínú ilé, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kankan kò kan ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ. Olúmúyìwá di irinṣẹ́ rẹ̀. "Iná kò jẹ́ kí n dán an wò pẹ́, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì ti dára. Bó bá ti dé, ẹ máa lò ó." Bọ́sẹ̀dé la ẹnu, ó sì pa á dé.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ń rojọ́ níwájú adájọ́. Òun kọ́ ló so nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó bi òun. Bí òun bá dákẹ́, họ́ọ̀sì tuntun yóò bẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta bíi ti àkọ́kọ́, Akínladé yóò sì ru ogójì aṣọ tútù wá sí ẹnu ọ̀nà òun, yóò máa bẹ̀bẹ̀. Wọ́n lè dá ọkọ òun lẹ́bi, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ọkọ òun ló rọ họ́ọ̀sì ni? Ẹni tó tà á ló jẹ̀bi. Ó dá ara rẹ̀ láre kí ó tó dé ilé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, Olúmúyìwá gbé họ́ọ̀sì àtijọ́ sílẹ̀, nítorí kì í sọ ohunkóhun nù. "Wo inú rẹ̀."

Inú rẹ̀ dúdú.

"Òwú aṣọ tó wà nínú rẹ̀ ti ń jó díẹ̀díẹ̀. N kò mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yẹn sì ni Precious máa ń sùn."

"Ta ni Precious?"

"Ọmọ Ṣìkẹ́mi. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ó ní ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Bọ́sẹ̀dé kò jẹun náà tán. Ó pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ bá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mú ọ̀bẹ ìdáná, ó sì lọ tààrà sí ọ̀nà tóóró náà. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Bó ti ń gé okùn nẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin kan tó ń ta omi, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, kí i kú iṣẹ́ ní èdè Haúsá pé, "Sannu da aiki, Mama." Ó dáhùn pé, "Yauwa," bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rere.

"Màmá Tiwa, kí lẹ ń fi ọ̀bẹ ṣe ní páìpù mi?"

Ṣìkẹ́mi ni. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Nẹ́ẹ̀tì ni mò ń gé."

"Ní ọjọ́ tí mò ń fọ aṣọ ìgúnwà."

"Kì í ṣe bí o ṣe rò ó."

"N kò tíì sọ ohun tí mo rò. Mo rí ọ̀bẹ, mo rí páìpù mi, mo sì mọ ẹni tó ń fọ aṣọ yìí tẹ́lẹ̀."

Bọ́sẹ̀dé rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kí ó tó lè bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, àfi kí ó jẹ́wọ́ èyí tó dá.

"Nẹ́ẹ̀tì yìí ló sé ooru mọ́, òun ló bẹ́ họ́ọ̀sì rẹ. Mo ti rí i láti Ọjọ́rú. N kò sọ."

"Ẹ̀ ń dúró kó tún bẹ́."

"Mò ń dúró."

Ó gé okùn tó kù. Ìdì òwú bọ́ sílẹ̀, ooru ọlọ́rinrin tó ń ta sánsán ọṣẹ sì fẹ́ lu ìró rẹ̀. Ṣìkẹ́mi na ọwọ́ sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Precious wà nínú ilé níbẹ̀," ló wí.

"Òun ló jẹ́ kí n wá."

"Bí kò bá sí Precious ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀dé ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà lójú ọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ kò sì wù ú.

Ṣìkẹ́mi wọlé, kò pè é, kò sì ti ilẹ̀kùn. Bọ́sẹ̀dé tẹ̀ lé e. Aṣọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ wà lórí tábìlì, wọ́n gbẹ, wọ́n rọ̀. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, ó sì dùn ún pé ọwọ́ òun kò mú wọn rọ̀ tó báyìí rí. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, Ṣìkẹ́mi kó ogójì kọ́là tútù láti inú abọ́, ó kọjú sí ẹnu ẹ̀rọ.

Nínú gbogbo ìjọ, Bọ́sẹ̀dé nìkan ló mọ̀ pé aṣọ líle tó wà láàárín kọ́là wọ̀nyí kì í gba ooru. Wọ́n á ká kò. Ní ọ̀la, gbogbo ìjọ yóò béèrè ẹni tó fọ̀ wọ́n. Iná kò ní jó, ọmọ kankan kò ní fara pa, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá Olúmúyìwá lẹ́bi. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni.

"Kọ́là kì í wọ inú ooru," ló wí, ohùn rẹ̀ le bí ohùn ẹni tí ń jà. "Á ká kò. Orí tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Sítáàṣì ni wọ́n ń fi sí i, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́."

Ṣìkẹ́mi dúró, kọ́là kún apá rẹ̀.

"Sítáàṣì yẹn, ṣé kí ó ki ni, mà?"

Bọ́sẹ̀dé fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì fa abọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.