Ìpàkọ́ Nìkan

3.

…kí ó sì yí ojú sí ògiri. Bí Onídìrí ṣe máa ń ní kí oníbàárà jókòó nìyẹn, tó bá ti dirun tán tó fẹ́ yà á sínú fóònù. Ojú ò kàn án. Ìpàkọ́ nìkan.


1.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Obìnrin tó bá jókòó sábẹ́ ọwọ́ onídìrí kì í rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ògiri ló kọjú sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ sọ fún ìyá tó bí i, á sọ ọ́ fún ògiri, onídìrí á sì máa fi "hẹn-ẹn" gbè é lẹ́yìn. Onídìrí gbọ́ títí, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpò.

Lọ́jọ́ kan ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó mọ kọ́ńpútà bí ẹni mọ owó.

"Ṣé a ò lè kọ́ irú ṣọ́ọ̀bù yìí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Kí wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀. Kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri."


2.

ÌKÉDE
(Àbúrò ló tẹ̀ ẹ́. Onídìrí ló ń pè é fún un.)

Orúkọ ibí yìí ni ÌPÀKỌ́.
Obìnrin nìkan ló ń kọ̀wé síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kà á.
A ò béèrè orúkọ.
A ò gba àwòrán ojú. Tó o bá fẹ́ fi àwòrán sí i, fi ìpàkọ́ rẹ sí i. Tó ò bá fẹ́, má fi nǹkan kan sí i.
A kì í ṣe tísà. A ò ní fi yíǹkì pupa kan ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.
Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

(Àbúrò ní òwe ti gùn jù fún fóònù. Onídìrí ní kó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.)


4.

[Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì kọ ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Ó ní ká yọ ọ́. A ti yọ ọ́.]


5.

Ta ni Nọ́ọ̀sì? Ọ̀rẹ́ Onídìrí ni, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Ọlọ́rọ̀ díẹ̀. Àwọn yòókù ń tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀ sábẹ́ òòyà. Oorun ni tirẹ̀.

Ó ní àpá kan ní ìpàkọ́, ó rí bí oṣù tuntun. Onídìrí ló tì í lulẹ̀ nígbà èwe. Láti ìgbà náà ló ti ń fi irun bò ó fún un. Bóyá ohun tó sọ ọ́ di onídìrí nìyẹn.

Bóyá kì í ṣe òun.


6.

NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ, NÍGBÀ TÍ ÌPÀKỌ́ ṢẸ̀ṢẸ̀ Ń GBÓNÁ

ÌYÀWÓ TÉLỌ̀: Ta ló kọ ti àná yẹn? Èyí tí ọkọ ẹ̀ ń hanrun tí fèrèsé ń gbọ̀n?
ÀBÚRÒ: A kì í béèrè.
ÌYÀWÓ TÉLỌ̀: Èmi náà ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ni.
(Ẹ̀rín.)
MÀMÁ TÓ WÁ FỌ IRUN: Ẹ bá mi kọ tèmi sí i. Ẹ ní ẹni tó fẹ́ mi ti kú, ara sì tù mí.
ONÍDÌRÍ: Màmá, ẹ gbé orí dúró.
MÀMÁ: Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ ba tipẹ́, ìwọ ọmọ yìí.


7.

Nọ́ọ̀sì ò fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán ló fi ránṣẹ́ sí Onídìrí fún Ìpàkọ́, bí ẹni ń kọjá lọ tó ju nǹkan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán ìpàkọ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ Onídìrí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló di irun náà: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ń yí po, ó ń yí po, bí ìkarahun ìgbín, títí dé àtàrí. Kò tíì di irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tó dára báyìí, irun tó dára báyẹn. Ó ṣe é bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n má jọ rìn. Ó fa àwòrán náà tóbi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àpá ò hàn. Ó gbé méjèèjì jáde pọ̀.

Kò béèrè.


7.

Ká tún un kà.

Kò béèrè.


8.

Ọkọ Nọ́ọ̀sì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí. Oníṣẹ́ iná ni. Àpò irinṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká.

ONÍDÌRÍ: Ọkọ wa, ẹ káàbọ̀! Ẹ̀yin náà fẹ́ dirun ni?
ỌKỌ: Àǹtí, ṣé ẹ mọ ibi tí ìyàwó mi wà?
ONÍDÌRÍ: Kí ló ṣẹlẹ̀?
ỌKỌ: Mo ka ti Ìpàkọ́ yín. "Tí mo bá dé iwájú ilé, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò, mo ń gbọ́ rédíò tí mi ò tàn." Mo ti mọ̀ ọ́n lórí báyìí. Èmi ni mo tún rédíò yẹn ṣe fún un.
ONÍDÌRÍ: Ta ló sọ fún yín pé òun ló kọ ọ́? Àbí àpá yẹn hàn ni?
ỌKỌ: Àpá wo?
(Onídìrí gbé òòyà sílẹ̀.)
ỌKỌ: Tá a bá ti sùn, ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi. Ó ti pẹ́. Tí wọ́n bá to gbogbo ìpàkọ́ ayé yìí kalẹ̀, màá mú tiẹ̀.
ONÍDÌRÍ: Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.
ỌKỌ: Mi ò bá a jà o. Mo kàn bi í léèrè ni. Ó ní, "O kà á?" Mo ní mo kà á. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú báàgì.


9.

ONÍDÌRÍ: Ọ̀rẹ́ mi
ONÍDÌRÍ: Mo ti yọ àwòrán yẹn kúrò
ONÍDÌRÍ: Jọ̀ọ́, dá mi lóhùn
NỌ́Ọ̀SÌ: Yọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú
ONÍDÌRÍ: Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Obìnrin kan tiẹ̀ ní
NỌ́Ọ̀SÌ: Yọ ọ́
ONÍDÌRÍ: Mo ti yọ ọ́. Ṣé wàá padà sílé?
NỌ́Ọ̀SÌ: Mo kọ ọ́ kí n lè máa rọ́nà wọlé ni. Mi ò kọ ọ́ kí n lè jáde
NỌ́Ọ̀SÌ: Ibẹ̀ yẹn ni mo ń gbé ẹrù mi sọ̀ sí, kí n tó ṣílẹ̀kùn
ONÍDÌRÍ: Forí jì mí

(Ó ti kà á.)


10.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, tó bá bọ́ fífọ́ ní í fọ́. Àwọn àgbà ò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, ẹyin bọ́, kò fọ́. Gbogbo ayé ń gbé e yẹ̀ wò.


11.

ONÍDÌRÍ: Pa á dé. Gbogbo ẹ̀.
ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tiyín nìkan mọ́. Ọwọ́ yín lẹ̀ ń bínú sí, orí olórí lẹ fẹ́ gé.
ONÍDÌRÍ: Ìwọ náà ti ń pòwe.
ÀBÚRÒ: Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti kọ́ ọ?


12.

ÌKÉDE

A ò gba àwòrán kankan mọ́.
A ò ní fi ohunkóhun tí o ò fún wa kún ohun tó o fún wa.


13.

Irun Nọ́ọ̀sì yẹn ti tó tú báyìí. Ta ló ń tú u?


14.

Ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù dá. Fóònù Onídìrí dún.

ORÚKỌ: —
ÀWÒRÁN: —
Ọ̀RỌ̀: Obìnrin tó ń dirun fún mi níbí máa ń fà á jù. Mi ò bá a wí. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí ní ìpàkọ́. Mo ní mo ṣubú ni.

Onídìrí kà á lórí ìdúró. Ó wá ìjókòó.

Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni kò ṣubú rí? Bọ́tìnì méjì ló wà nísàlẹ̀: GBÉ E JÁDE. DÁ A PADÀ. Kò sí èyí tí wọ́n kọ "Ṣé ìwọ ni?" sí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Àbúrò má ṣe irú rẹ̀.

Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Kò tíì gbé e sílẹ̀.


4.

[Àyè Nọ́ọ̀sì ṣì wà níbí.]