Ilé Ìfọṣọ Tí Bàbá Alọṣọ Rà

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ni Bàbá Alọṣọ ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí wọlé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àyà ọkùnrin náà sì já ju bí ìbá ṣe já ká ní ó jágbe mọ́ ọn lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ibí báyìí?"

"Èmi... èmi ni. Mo rà á lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Kò tíì pẹ́."

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ yìí ti ń jẹ gbèsè owó orí. A máa tì í pa títí ẹ ó fi san án."

"Ẹ dákun, ìyá mi, ọ̀gá mi ló jẹ ẹ́. Èmi kọ́."

Obìnrin náà mi orí. "Àwa ò mọ ọ̀gá yín, Bàbá. Orúkọ tó wà lára pátákó ìta yẹn la mọ̀. Ẹni tó ra iléeṣẹ́ ló ra gbèsè ẹ̀."

Wọ́n ní kó pa áyọ́ọ̀nù. Wọ́n fi àgádágodo tiwọn ti ìlẹ̀kùn, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà lórí ìkọ́ nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Lọ́yà tó gbà nígbà tó fẹ́ ra ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ti bi í pé: "Bàbá, àwọn ẹ̀rọ nìkan lẹ fẹ́ rà, àbí iléeṣẹ́ tòun torúkọ ẹ̀? Tó bá jẹ́ torúkọ, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí bóyá ó jẹ gbèsè." Ṣùgbọ́n Bàbá Alọṣọ ti ṣe ohun tí olùrà kì í ṣe. Òun àti ọ̀gá tó ń ta iléeṣẹ́ náà ló jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tí òun gbà yìí. Ọ̀gá jókòó, òun dúró sẹ́yìn àga. Kó tó hu irùngbọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkùnrin yìí. Báwo ló ṣe máa rán èèyàn lọ tú ìdí ọ̀gá wò lójú ọ̀gá? Ó wojú ọ̀gá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi mà ni. Ṣé mo lè ta àrùn fọ́mọ mi ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí lọ́yà má wulẹ̀ yọra ẹ̀ lẹ́nu, ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n tà láti fi san owó iléeṣẹ́ náà, ibi tí wọn ìbá kọ́ ilé ogbó wọn sí.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ti ìlẹ̀kùn tán, ilé ọ̀gá ni Bàbá Alọṣọ gbà lọ. Ó bá a nídìí oúnjẹ.

"Alọṣọ! Wọlé. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti tì í pa, sà. Wọ́n ní... owó orí."

Ọ̀gá ò gbójú sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ti dé."

Wọ́n ti dé! Bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Ṣé o bi mí ni? Lọ́yà ẹ fẹ́ béèrè, ìwọ lo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Àbí ẹnu ara mi lo fẹ́ kí n fi kó bá ara mi? Ẹni tó ra màlúù, ṣé á ní òun ò ra ìgbẹ́ inú ẹ̀?" Ó bomi sẹ́nu, ó gbé e mì. "Ìwọ náà ti di ọ̀gá. Bọ́rọ̀ ọ̀gá ṣe ń rí nìyẹn."

Ahọ́n Bàbá Alọṣọ tó ti ń pe èèyàn ní sà látìgbà èwe ò mọ ohun mìíràn í sọ.

"Ẹ ṣé, sà," ló sọ. Ó sì jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún un.

"Bàbá wọn, ẹ ti rí ọ̀gá yín? Kí ni wọ́n wí? Wọ́n á san án, àbí?"

Ó wolẹ̀.

"Wọ́n... wọ́n ní kí n kí ẹ."

Obìnrin náà wò ó.

"Ilẹ̀ bàbá mi," ló wí. Ó wọlé, ó sì fi í sílẹ̀ níta.