Ibi Tí Ẹja Ń Yé Sí

Irọ́ ni Bàbá Ọlájíre pa, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi Bọ́láwùmí, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́, ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹja parọ́ fún mi?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Silicon Oasis, ní Dubai níbí, nìyí: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà sétí odò kan nílé, kọ́ńpìnnì wa ló sì ń yẹ ohun tó máa ṣe fún ẹja inú odò náà wò. Látìgbà tí ọjà ilé títà ti dojú dé ní Dubai, tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìyẹ, kò síṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì yìí kì í gbà. Wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò máa bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n Adéyanjú, ọ̀gá mi, ló mú mi wọlé.

Gbogbo ìpè la ń ká sílẹ̀. Ohun tó bá ti wọnú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́, torí àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa máa gbọ́ ọ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé páìpù sí fún apẹja kankan. Ẹni tó bá sọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, físà náà ti lọ.

Páìpù yẹn, èèyàn lè dúró nínú ẹ̀. Òun ni yóò máa fa omi odò wọlé láti fi mú ẹ̀rọ tutù. Ẹja ńlá lè sá fún un. Ẹyin ẹja àti ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ò lè sá, ibi tí omi bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi Bàbá Ọlájíre, olórí àwọn apẹja ibẹ̀, bóyá ẹja máa ń yé sí Ìsàlẹ̀-Esùsú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé páìpù sí.

"Ìsàlẹ̀-Esùsú kẹ̀?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Kí lẹja fẹ́ wá débẹ̀? Àkèré ló wà níbẹ̀ jàre."

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni bàbá tèmi máa ń rín bí ẹnìkan bá bi í níbi tó ti pa ẹja. Apẹja wo ló máa ń sọ ibi tí ẹja rẹ̀ wà fún àlejò? Kí gbogbo ayé lè wá da àwọ̀n síbẹ̀ lọ́la, àbí?

"Khalas! Ó parí!" ni ẹ̀gbọ́n Adéyanjú wí nígbà tó gbọ́ ọ. "Kò séwu níbẹ̀. Lọ́la ni ìròyìn wa ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni bàbá yẹn ń pa o. Ó ń fi ibẹ̀ pamọ́ ni."

"Ta ló ní kó parọ́? Ohun tó sọ la kọ. Bọ́láwùmí, jọ̀ọ́, má kó bá mi. Èmi ni mo dúró fún ẹ." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sí ilé rẹ̀ ní Sharjah.

Mo dé bedspace mi, bẹ́ẹ̀dì kan tí mo háyà nínú yàrá, ní Muraqqabat, mi ò lè jókòó. Mo fọ aṣọ tó ti mọ́. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tún un tú. Kàfáyàt, tí a jọ ń gbé yàrá, yọrí láti orí bẹ́ẹ̀dì òkè. "Ṣé èèrà ló wọ̀ ẹ́ láṣọ ni? Jókòó jẹ́ẹ́!" Jókòó kẹ̀! Inú ń bí mi sí bàbá yẹn, inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí físà yìí bá lọ, ilé ni mò ń padà sí yẹn, iṣẹ́ wo ló wà nílé?

Láàárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó dé, mo pe Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀-Esùsú yẹn rò."

"Ọmọbìnrin yìí, kí lò ń wá níbẹ̀ gan-an? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, sà. Apẹja ni bàbá mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀! Àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ló rán ẹ! Sọ fún wọn pé àkèré ló wà níbẹ̀!"

Orí mi gbóná. Mo rí ẹ̀gbọ́n Adéyanjú tó ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọlé. Ẹ̀rọ ń ká ohùn wa lọ. Mo jágbe mọ́ àgbàlagbà: "Bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé páìpù sí, yóò fa ẹyin ẹja lọ! Torí ẹ̀yin lẹ ní ẹja ò sí níbẹ̀!"

Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ibẹ̀ ni gbogbo ẹja odò yìí ń yé sí. Bí omi bá ti kún, àrọ̀, epìyà, inú esùsú yẹn ni wọ́n ń wọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àkèré ló kún ibẹ̀, kí wọ́n má baà da àwọ̀n síbẹ̀. Bàbá mi ló fi hàn mí. Ọlájíre ọmọ mi gan-an, mi ò tíì fi hàn án."

Ẹ̀gbọ́n Adéyanjú ti dé iwájú mi. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Ó kàn na ọwọ́. Mo bọ́ káàdì tí mo fi ń wọlé kúrò lọ́rùn, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Bàbá," mo ní, "ẹ tún un sọ. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí ẹ̀rọ lè ká a dáadáa."